Omi Tó Sùn Sínú Páìpù

Ẹ̀rọ ìwọ́nmi kì í sábà kú sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí kò bá níṣẹ́ ni ó ń kú. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí ọyẹ́ sì ń fa ètè ya, ẹ̀rọ yìí kì í sinmi ní Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ń wọ́n omi sórí koríko iwájú ilé-iṣẹ́, sórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sí àkùrọ̀, sórí òdòdó tí àwọn olódòdó tò sínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì. Bí ó bá bàjẹ́ nígbà náà, kò ní di ọ̀túnla kí wọ́n tó tún un ṣe, nítorí pé ewé tó ń rọ ń pariwo sí olóko létí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní oṣù kẹrin, tí ilẹ̀ mu omi yó, ẹni tó ń tan ẹ̀rọ yóò pa á, yóò sì kọrí síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó di oṣù kọkànlá kó tó padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí omi tó ṣẹ́kù sínú páìpù, sínú pọ́ǹpù àti sínú táǹkì ń ṣe láàárín oṣù méje náà ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀sán kan péré tí ènìyàn lè ṣe kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbé ìlú òtútù mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ, torí pé ìyà ẹni tó bá gbàgbé kì í pẹ́ dé lọ́dọ̀ wọn. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi tó kún dẹ́nu sínú firísà rí mọ̀ ọ́n: ìgò á sán, yìnyín á sì dúró gbọnyin láàárín àfọ́kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páìpù àti fáàfù ṣe ń sán. Ní Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí, ìpìlẹ̀ ilé gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ ju mítà kan lọ kí òtútù má baà gbé e sókè. Páìpù ẹ̀rọ ìwọ́nmi kò jìn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń rì í sábẹ́ koríko. Torí náà, bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, wọ́n á ti omi pa láti inú ilé, wọ́n á so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ páìpù, wọ́n á sì fẹ́ omi jáde lápá kan lẹ́yìn òmíràn, títí ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yóò fi dà bí ìkùukùu. Wọ́n á tún fi aṣọ nípọn wé fáàfù tó wà lókè ilẹ̀.

Houston ló fi hàn pé kò yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti ìlú òtútù nìkan. Oòrùn ibẹ̀ ò jìnnà sí tiwa, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù já lu Texas, ó sì wálẹ̀ tó ìwọ̀n 10 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ òdo ní Houston. Iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, páìpù bẹ́ káàkiri nínú ògiri àti nínú àgbàlá, ẹ̀mí tó lé ní 200 sì bá a lọ. Ilé tí wọ́n ti ti omi rẹ̀ pa lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó ro tán, kò ní omi tí yóò dì nínú rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú páìpù kò lè fọ́ páìpù.

Ní Àgbárá, omi kì í dì àfi nínú firísà àti nínú kóòdù rúùmù. Mo dárúkọ kóòdù rúùmù nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìnyín ti kàn wá tààrà. Ilé ìkẹ́jà-pamọ́ tí ìtútù rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, bí ó bá ní ẹ̀rọ ìwọ́nmi apaná lókè àjà, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi dúró nínú páìpù náà. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń há sínú rẹ̀. Tí iná bá ṣẹ́ yọ, tí ooru sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ tú jáde, fáàfù tó wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí kò tutù, á wá jọ̀wọ́ omi. Ẹni tó bá ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi díẹ̀ kò rọra kó jọ sí ibi tó tẹ̀ nínú páìpù, torí ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì. Ìyẹn iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ apaná. Ti ẹni tó ń fi omi rin ewéko ni mo fẹ́ padà sí.

Tiwa kì í dún gbàmù bí ti yìnyín, ìdí nìyẹn tí a kì í fi kà á sí. Yanrìn etíkun ló pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ wa láti Ìgbẹ̀sà dé Lúsàdà títí lọ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Omi tí à ń fà láti inú rẹ̀ máa ń kan díẹ̀, kò sì ní ẹfun nínú tó láti bo inú irin. Omi tó kan báyìí máa ń jẹ irin. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́hóòlù agbègbè yìí, ó tún máa ń kó èérún irin tó ti yòrò bọ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sínú ike funfun lówùúrọ̀, yóò mọ́ lójú. Ẹ fi í sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́, ẹ óò rí i tó pọ́n rúsúrúsú, tí ohun kan bí ẹrẹ̀ pupa sì ti rọlẹ̀ sí ìdí ike. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù. Nígbà tí omi ń sáré kọjá lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá omi jáde. Nígbà tí omi bá sùn sínú páìpù, tí afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ wọlé láti ẹnu ẹ̀rọ, èérún yìí á fara balẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ irin á sì máa bí sí i, wọ́n á sọ ọ́ di ohun yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ní oṣù kọkànlá tí pọ́ǹpù bá fi agbára tì í, á ṣí kúrò lápá kan, á lọ dí ihò ẹ̀rọ ìwọ́nmi tí kò fẹ̀ ju ẹnu ẹ̀gún ọsàn lọ. Olóko á sọ pé pọ́ǹpù kò lágbára mọ́. Á lọ ra pọ́ǹpù tuntun. Mo máa ń káàánú owó náà gan-an.

Ní àwọn ibi tó ti pẹ́ ní Àgbárá, bíi inú èsíteétì tí Olóyè Adéyẹmí Lawson dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹ lè ṣì bá páìpù onírin pàdé lábẹ́ ilẹ̀. Ti irin yìí ló burú jù, nítorí pé omi àti afẹ́fẹ́ tó bá ara wọn nínú irin ló ń mú un dógùn-ún. Páìpù tó kún fún omi digbí ń dógùn-ún díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gbẹ táútáú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dógùn-ún. Èyí tí omi kún dé ìdajì ló ń yára jẹ jù. Bẹ́ẹ̀, ìdajì yẹn gan-an ni a máa ń fi páìpù sí tí a bá kàn pa ẹ̀rọ tí a sì lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó ro tán. Ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì ti fáàfù tó wà lábẹ́ táǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù nínú ọgbà. Púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ á ti fi ìdérí onítẹ́rẹ́ẹ̀dì tàbí fáàfù kékeré síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ń ri páìpù. Tí kò bá sí, ọjọ́ tí ẹ óò fi síbẹ̀ ni òní, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tí ẹ óò hú. Ẹ ṣí i. Ẹ wá lọ ṣí ẹnu tó jìnnà jù sókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé tẹ̀lé omi, torí páìpù tí a kò ṣí lókè máa ń di omi mú sínú. Ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde á pọ́n bí omi amọ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kó ro títí yóò fi dẹwọ́, kí ẹ tún ṣí omi díẹ̀ sí i láti inú táǹkì kó fi fọ inú, kí ẹ wá jẹ́ kó ro tán pátápátá.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé-iṣẹ́ ní Àgbárá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kò sì níbi tí yóò sàn sí. Níbẹ̀ ni fọkanáísà ti wúlò. Ẹ̀rọ tó fi ń gbé afẹ́fẹ́ sínú táyà lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn ará Chicago ń ṣe, bí ẹ bá kìlọ̀ fún un. Páìpù rọ́bà dúdú kò gbọdọ̀ rí ju 50 PSI lọ lójú géèjì. Páìpù PVC funfun kò gbọdọ̀ kọjá 80. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń gba nǹkan bí 30 sí 35, nítorí náà bí fọkanáísà yín bá ń lò ó bí ẹni tó ń fẹ́ táyà, tí kò jẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kò sí. Afẹ́fẹ́ inú táǹkì rẹ̀ kò pọ̀, ó tètè ń tán, torí náà apá kan páìpù ni kí ó máa fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró kí ẹ̀rọ tún kún, kó tó bọ́ sí èkejì. Kí ó má ṣe tún máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí apá kan lẹ́yìn tí omi ti tán níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mú orí ẹ̀rọ tó ń yí gbóná. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tó bá fò jáde níbẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú.

Orí ẹ̀rọ ìwọ́nmi fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tú kúrò. Ẹ wo èyí tó ń dún ká-ká-ká bí ó ti ń yí: ó ní apá kan tí omi ń gbá sẹ́yìn, tí sípíríìnì sì ń fà padà, ihò rẹ̀ sì kéré. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ gbé e sókè sójú oòrùn kí ẹ wo inú ihò yẹn. Ẹ óò rí èépá pupa tó yí etí rẹ̀ ká, ìgbà mìíràn yanrìn méjì tàbí mẹ́ta tó há sínú. Ẹ má fi ìṣó tàbí wáyà gún un. Ihò tí ìṣó bá ti fẹ̀ kì í wọ́n omi yípo mọ́. Omi á máa dà sí ojú kan, ewéko tó wà lẹ́yìn á sì máa gbẹ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, kí ẹ rẹ gbogbo wọn sínú rẹ̀ mọ́jú. Kíkan ọsàn á yọ́ èépá irin náà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti fi ti èyí tó kù jáde, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ sípíríìnì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kó wọn sínú garawa tó ní ìdérí. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọgbà, kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé á di ihò wọn pa kí oṣù kẹfà tó dé, èèrà á sì wọ inú wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, idẹ tó wà lára wọn ń wu àwọn tó ń wá irin kóńdẹ́ẹ̀mù kiri. Mo ti rí ọgbà tí gbogbo orí ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ẹnu páìpù tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà dè é pinpin, kó má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún eku àti ẹrẹ̀.

Pọ́ǹpù oníbẹntiróò, èyí tí àwọn aláàkùrọ̀ ń gbé lọ sí etí odò, ní àrùn méjì: omi nínú ikùn rẹ̀, bẹntiróò nínú ọ̀fun rẹ̀. Ìdérí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ikùn pọ́ǹpù. Ẹ fi sípánà tú u, kí omi ro jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tú u rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ, ó sì ti dógùn-ún mọ́ ibẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí i ní alẹ́, kí ẹ tú u lówùúrọ̀. Bẹntiróò tó bá dúró nínú kábúrétọ̀ fún oṣù mélòó kan á di ohun tó lẹ̀ bí oje igi, á sì dí ihò tíntìntín tí epo ń gbà. Kí ẹ tó tú omi ikùn rẹ̀ jáde, ẹ ti fáàfù epo, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi kú fúnra rẹ̀; èyí tó kù nínú táǹkì, ẹ dà á sínú jẹ́ẹ̀kàn kí ẹ lò ó fún jẹnẹrétọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò rẹ̀, kí ẹ rọra fa okùn ẹ̀rọ kí ọ́ìlì náà lè tàn ká inú, kí ẹ sì dá púlọ́ọ̀gì padà. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, sórí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá ń dáko sí àkùrọ̀ etí Odò Òwò tàbí sẹ́bàá Ọ̀sà Ológè mọ̀ pé odò kì í ránṣẹ́ kó tó kún. Kí oṣù kẹfà tó wọlé ni kí pọ́ǹpù ti wà lókè, nínú ilé.

Ti pọ́ǹpù oníná tó wà lókè ilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ti ro omi inú rẹ̀ tán, kí ẹ máa fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú ibì kan lẹ́yìn, láàárín fáànù, tí ẹnu sukudiráfà lè wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ iná rẹ̀, kí ẹ fi sukudiráfà yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ kò bá ṣe é, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á dógùn-ún mọ́ ara ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tan iná, á máa kùn hùn-ùn láìyí, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Pọ́ǹpù sumo tó wà nínú bọ́hóòlù kò fẹ́ gbígbẹ ní tirẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí ẹ máa tàn án díẹ̀ lóṣooṣù, àní lásìkò òjò. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ dára fún èyí: ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, ẹ lè wo gbogbo rẹ̀ láìwọ ẹrẹ̀.

Táímà tó ń tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá. Àrá oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ti sun púpọ̀ nínú wọn, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ń pa èyí tí àrá bá dá sí. Páìpù PVC tó yọ sókè ilẹ̀, oòrùn ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, á gbẹ, á sì ṣẹ́ bí ọ̀pá ẹ̀gẹ́. Ẹ fi ọ̀dà kùn ún tàbí kí ẹ rì í.

Omi tó kù nínú táǹkì ilẹ̀, nínú rọ́bà tí wọ́n ká sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀, nínú ike tó wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ooru wa. Àwọn ọmọdé tó ń gbé ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà ni ẹ̀fọn yẹn yóò kọ́kọ́ jẹ. Lójú tèmi, ìdí yìí nìkan ti tó fún iṣẹ́ ọ̀sán kan náà, kódà bí páìpù kò bá ní bàjẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gba ẹni tó ń gé koríko, wọ́n sì gba ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bí ó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹni tí yóò tẹ́ ẹ sùn. Bàbá tó ń wọ́n ewéko láti ọdún pípẹ́ mọ ibi tí omi ń pa mọ́ sí nínú ọgbà ju púlọ́ńbà lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ bi í. Ẹ fi iṣẹ́ náà sínú ìwé àdéhùn rẹ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un.

Bí oṣù kọkànlá bá wọlé, ẹ má tíì gbé orí ẹ̀rọ padà. Ẹ ti gbogbo fáàfù tí ẹ ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fáàfù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè jáde láìfọ́ nǹkan. Ẹ rìn ká, kí ẹ wo ibi tí ilẹ̀ bá rin níbi tí kò yẹ kó rin. Ẹ jẹ́ kí omi tú jáde láti ẹnu páìpù gbogbo títí tí yóò fi mọ́ nínú ike funfun. Ìgbà náà ni kí ẹ wá dá orí ẹ̀rọ padà síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ pọ́ǹpù jù, kí ẹ máa lọ sí èyí tó jìnnà.